Òwú aláwọ̀ ewé ni mo ní kó mú wá

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà ojú. Bẹẹrẹ ni mo ń gbé n'Íbàdàn níbí. Ọmọ mi Wàsíù, ọmọ ọdún 16, ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ ní kó mú òwú aláwọ̀ ewé wá kó fi rán bùbá oníbàárà. Bíráùn ló mú, ó sì ti rán ọwọ́ kan tán kí ọ̀gá tó rí i. Ìgbájú ni wọ́n fi kí i. Ọmọ ń sunkún, ó ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín òwú méjèèjì. Èmi àti àbúrò mi náà ò tíì parí ìjà lórí léèsì aṣọ ẹbí tí a rà ní Gbági. Mo ní búlúù ni, ó ní àwọ̀ ewé ni. Ṣé bí mo ṣe ń rí àwọ̀ ni gbogbo ayé ń rí i, àbí kálukú ló ní tirẹ̀?"

Ìyá Wàsíù, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó aṣọ ẹbí. Kí n tó wí nǹkan kan, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá Wàsíù kó dáwọ́ ìgbájú dúró. Ìgbájú kì í la ojú. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín dé ibi òwú ni mo ti fura, nítorí àwọ̀ ewé àti bíráùn wà lára ohun tí irú ojú kan máa ń dà pọ̀ jù lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ dì sínú àpò kan. Ti Wàsíù ní ìdáhùn tó ṣe é dì mú. Ti léèsì náà ní ìdáhùn, àfi pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ti gbogbo ayé ló le, a ó sì débẹ̀.

Lẹ́yìn ẹyinjú, nínú lọ́hùn-ún, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Hóró oríṣi méjì ló kún orí awọ yìí. Oríṣi kìíní, bíi 120 mílíọ̀nù, ló ń bá wa ríran nínú òkùnkùn, kò sì mọ àwọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ lálẹ́, ìró pupa àti ìró aláró a di ọ̀kan náà lójú yín títí ẹ ó fi tan tọ́ọ̀ṣì. Oríṣi kejì kò ju bíi mílíọ̀nù 6 lọ, òun ló ni iṣẹ́ àwọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni òun náà pín sí. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà, nànómítà ni wọ́n sì fi ń wọn gígùn ìgbì náà, èyí tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà. Ọ̀nà kìíní fẹ́ràn ìgbì kúkúrú, ní nǹkan bíi 420, níbi tí búlúù wà. Ọ̀nà kejì fẹ́ràn nǹkan bíi 530, ọ̀nà kẹta nǹkan bíi 560. Ẹ wo bí méjì tó kẹ́yìn yìí ṣe sún mọ́ra tó, ibẹ̀ ni wàhálà Wàsíù ti ń bọ̀.

Kò sí èyí tó dá mọ àwọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ńṣe ni ọpọlọ jókòó bí adájọ́, tó ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹni mẹ́ta, tó sì ń wo ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sókè ju ti ẹnìkejì lọ. Bí ẹlẹ́rìí kejì àti ìkẹta bá ń sọ ohun kan náà ní gbogbo ìgbà, tàbí tí ọ̀kan kò wá sí kóòtù rárá, adájọ́ ò ní lè mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa, ewé àti bíráùn. Gbogbo wọn á bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Bí ó ṣe ń wọ ẹbí nìyí. Ohun tó ń kọ́ hóró kejì àti ìkẹta bí wọn yóò ṣe rí wà ní ìtòsí ara wọn lórí okùn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní X. Obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní ẹyọ kan péré, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Bí ọ̀kan nínú X méjì tí ìyá ní bá ní àbùkù, èkejì á gbé e ró, ìyá á máa rí àwọ̀ dáadáa. Ọmọkùnrin tí X alábùkù náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò ní èkejì tí yóò gbé e. Bàbá kò lè gbé e fún ọmọkùnrin rẹ̀, nítorí kì í ṣe X ni bàbá ń fún ọmọkùnrin. Mo mọ ohun tí àwọn ìdílé ọkọ máa ń sọ: "Ilé ìyá rẹ̀ ló ti gbé e wá." Ìgbà kan ṣoṣo rèé tí wọn ò parọ́, àmọ́ kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe èpè, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ̀bi rẹ̀. Láàárín àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ wá láti àríwá Yúróòpù, bíi 8 nínú 100 ló ní in. Láàárín àwọn obìnrin wọn, bíi 1 nínú 200 ni. Ó dín sí bẹ́ẹ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ó wà.

Ó wà nínú ẹbí tèmi gan-an. Àbúrò ìyá mi kan dá oko ata lọ́nà Ìdó. Nígbà tí a bá lọ bá a lọ́jọ́ ìsinmi, kì í wo ata kó tó já a. Ńṣe ló máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá píà ti jinná. Bí ó bá rọ̀ díẹ̀, ó ti pọ́n. Àwa ọmọdé rò pé ọgbọ́n àgbà ni. Àwa la máa ń sáré síwájú rẹ̀ torí pé láti ìpẹ̀kun ebè la ti ń rí ata pupa láàárín ewé, òun á sì máa pariwo pé, "Ẹ rọra, ojú yín yá jù!" Ìgbà tí mo wọ ilé ìwé ìṣègùn ojú ni mo tó mọ ohun tí àtàǹpàkò yẹn ń ṣe. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó dán ojú rẹ̀ wò. Kò sì sí ọjọ́ kan tó pe ata pọ́npọ́n ní aláwọ̀ ewé. Orúkọ rẹ̀ yé e. Bí a bá fi lé e lọ́wọ́, á ní, "Ata pupa nìyí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an nìyẹn, Ìyá Wàsíù. Orúkọ àwọ̀ kì í tú àṣírí ojú. Láti kékeré ni ọmọ ti gbọ́ pé ewé ní àwọ̀ ewé, pé ẹ̀jẹ̀ pupa, pé ilẹ̀ Ìbàdàn pupa. Á máa dáhùn bó ṣe yẹ títí ayé. Ohun tó ń tú àṣírí ni kí o kó nǹkan méjì síwájú ènìyàn, nǹkan tí kò ní orúkọ lára, kí o ní kó mú èyí tó bá aṣọ mu. Òwú ló tú àṣírí Wàsíù, ká ní iṣẹ́ káfíńtà ló ń kọ́ ni, ó lè dàgbà dogún ọdún sí i kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀mọ̀wé ńlá kan. John Dalton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa átọ́ọ̀mù, ti tó ọmọ ọdún 26 kó tó fura. Lọ́dún 1792 ló wo òdòdó píǹkì kan lábẹ́ iná àbẹ́là, ó rí i pé ó pupa. Lójú rẹ̀, bí ojú ọ̀run ni òdòdó yẹn ṣe máa ń rí lọ́sàn-án. Ó pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá wo ohun àrà, kò sí ẹni tó rí àrà kankan àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ ìyá kan, X kan. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó sì kà á fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Manchester lọ́dún 1794. Ó gbà pé omi inú ojú òun ló ní aró, ó sì pàṣẹ pé bí òun bá kú, kí wọ́n la ojú náà wò. Ó kú lọ́dún 1844, wọ́n là á, omi náà mọ́ kedere bíi ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n tọ́jú ẹyinjú náà. Lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ yẹ ohun àjogúnbá inú rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé hóró kejì, ti 530 yẹn, ni kò ní. Àádọ́jọ ọdún lé ọ̀kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò dé!

Ó dọwọ́ léèsì. Bí ẹ bá júwe rẹ̀ fún mi dáadáa, ó dájú pé àwọ̀ tó wà láàárín búlúù àti ewé ni, irú èyí tí àwọn oníléèsì ń pè ní tọ́kọ́ìsì. Ẹ bi ara yín: abẹ́ kí lẹ ti rà á? Nínú ṣọ́ọ̀bù ní Gbági, tapólì búlúù wà lókè, gílóòbù wà nínú, oòrùn ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ló ń lu aṣọ kan. Ọpọlọ kì í kàn gba ohun tí ojú gbé wá. Ó máa ń fojú díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, á yọ ọ́ kúrò, á sì sọ fún yín pé èyí tó kù ni àwọ̀ aṣọ. Bí ọpọlọ yín bá yọ yẹ́lò gílóòbù kúrò, tí ti àbúrò yín sì yọ búlúù tapólì kúrò, búlúù ló máa kù fún yín, ewé ló máa kù fún un.

Ẹ rántí fọ́tò aṣọ obìnrin tó gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan ní oṣù kejì ọdún 2015. Àwọn kan ní búlúù àti dúdú ni, àwọn kan ní funfun àti góòlù. Aṣọ náà gan-an, búlúù àti dúdú ni. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ gbà pé inú òjìji ni wọ́n ti ya fọ́tò náà yọ búlúù kúrò, funfun ló kù fún un. Ẹni tó gbà pé abẹ́ iná ilé ni, yẹ́lò ló yọ. N'Íbàdàn níbí, mo mọ tọkọtaya tí wọn ò jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó jọ mí lójú ni pé lórí fóònù kan náà ni, ní ìṣẹ́jú kan náà, ojú tó pé sì ni gbogbo wọn ní.

Ojú tó pé gan-an kò sì rí bákan náà. Láàárín ọdún 1999 sí 2005, àwọn onímọ̀ ní Rochester, l'Amẹ́ríkà, lo irú ọgbọ́n tí àwọn awòràwọ̀ fi ń mú kí ìràwọ̀ hàn kedere láti wo ẹ̀yìn ojú ènìyàn tó wà láàyè, wọ́n sì ń ka hóró lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó ń rí àwọ̀ dáadáa, hóró kẹta àti ìkejì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ojú ẹnìkan, kí ìkẹta sì fi bíi ìlọ́po 16 ju ìkejì lọ nínú ojú ẹlòmíràn. Ẹ ò bá rò pé àwọn méjì bẹ́ẹ̀ ò ní lè jọ ra aṣọ ẹbí láéláé. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n yan yẹ́lò tó dá dúró, tí kò fì sí pupa, tí kò fì sí ewé, ibi kan náà ni wọ́n máa nawọ́ sí, ní nǹkan bíi 575 sí 580. Ọpọlọ ti bá hóró ṣe ìdọ́gba láti ìgbà èwe. Àwọ̀ ewé ni ẹnu ò ti kò. Bí a bá ní kí wọ́n yan ewé tí kò fì sí búlúù, tí kò fì sí yẹ́lò, ẹnìkan á mú 500, ẹlòmíràn á mú 540, olúkúlùkù á sì fi ọwọ́ sọ̀yà. Léèsì yín bọ́ sí àárín ìjà yẹn gan-an. Mo fi ẹ̀yin àti àbúrò yín sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo mọ ẹni tí yóò sọ pé àwa Yorùbá kúkú ò mọ búlúù tẹ́lẹ̀, pé dúdú la ń pè é. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀.

Ẹ lọ jókòó ti aláró kan. Obìnrin ti fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn sára aṣọ funfun, òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀ létòlétò. Ó ri í bọ inú ìkòkò aró. Omi inú ìkòkò yẹn kì í ṣe búlúù rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi ẹ̀fọ́ tó ti pọ́n díẹ̀, ìfófò tó wà lórí rẹ̀ ló ṣú. Ó fa aṣọ jáde, aláwọ̀ ewé ni! Ẹ má mira o. Atẹ́gùn fọwọ́ kàn án, ìpẹ̀kun aṣọ kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà àárín, kí ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ó ti di aró. Ó tún un rì. Bí ó bá rì í lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, àyìnrín ló ń wá. Bí ó bá ń rì í, tó ń sá a, tó ń rì í, á ṣú títí yóò fi máa kọ pupa lójú oòrùn. Ó mọ èyí tó yẹ kó padà sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan sí i láìwo aago. Ẹ wá bi í ní àwọ̀ aṣọ náà, á ní, "Dúdú ni." Ṣé ẹni yẹn ni kò mọ búlúù?

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ jẹ irú ìyà yìí. Lọ́dún 1858, Gladstone, tó padà di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka ewì Gíríìkì àtijọ́, ó rí i pé orúkọ àwọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì rò pé ojú àwọn Gíríìkì ìgbà náà ni kò tíì là sí àwọ̀ tán. Lọ́dún 1969 ni àwọn onímọ̀ méjì tí wọ́n ń jẹ́ Berlin àti Kay wo èdè púpọ̀ káàkiri ayé. Wọ́n ní bí èdè kan bá ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré, funfun, dúdú àti pupa ni mẹ́ta ọ̀hún máa ń jẹ́. Ẹ ò ríi pé àwọn àgbà wa ti fi ṣe àdúrà kí Berlin tó dé: agbe ló laró, kì í ráhùn aró; àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn; lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ẹyẹ mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta. Lábẹ́ pupa la kó epo sí, àti inú ẹyin, àti ọmọge tó mọ́ra. Ojú ríran ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu ló kó wọn jọ. Àwọ̀ takisí Ìbàdàn ńkọ́? Ẹ dúró ní Ìwó Ròòdù kí ẹ bi ènìyàn mẹ́wàá. Ẹnìkan á ní pupa, ẹnìkan wáìnì, ẹnìkan bíráùn, kò sì sí ẹni tó máa ṣèèṣì wọ ọkọ̀ mìíràn. (Àwọn ẹyẹ gan-an, ọ̀nà mẹ́rin ni hóró àwọ̀ tiwọn pín sí. Ohun tí agbe ń rí lára ìyẹ́ agbe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.)

Èdè kì í ṣe aláìlágbára pátápátá o. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún búlúù tó mọ́lẹ̀ àti búlúù tó ṣú. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007, wọ́n yára díẹ̀ láti mọ ìyàtọ̀ búlúù méjì tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà orúkọ náà ju búlúù méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lọ, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní irú àǹfààní yẹn. Ìdá ìṣẹ́jú àáyá ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún, kì í ṣe pé ẹnìkan fọ́jú sí i.

Ó wá ku ìbéèrè ńlá. Ká ní hóró wa bára mu, ìmọ́lẹ̀ bára mu, orúkọ bára mu. Ṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mi nígbà tí mo bá wo epo pupa náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú yín? John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, béèrè rẹ̀ lọ́dún 1690: bí òdòdó aláwọ̀ aró bá ń gbé sọ́kàn ẹnìkan ohun tí òdòdó yẹ́lò ń gbé sọ́kàn ẹlòmíràn, ta ló máa mọ̀? Àwọn méjèèjì á máa pe orúkọ kan náà. A ò lè ṣí orí ara wa wò, bí a bá sì ṣí i, ọpọlọ la máa bá níbẹ̀, a ò ní bá pupa.

Èrò tèmi rèé. Mi ò gbà pé irú ìyípadà ńlá bẹ́ẹ̀ lè fara sin. Àwọ̀ kò dọ́gba. Yẹ́lò tó dára jù máa ń mọ́lẹ̀, búlúù tó dára jù máa ń ṣókùnkùn. Bí ẹnìkan bá ń rí yẹ́lò bí aró, á ti sọ fún wa pé inú ẹyin ṣókùnkùn ju aró lọ, a ó sì ti mú un. Ìyàtọ̀ kékeré ni mo gbà pé ó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin, irú èyí tí kò sí òwú tó lè tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun dá a mọ̀ tàbí òun mọ̀ pé kò sí, mi ò bá a jiyàn, mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn mìíràn tó ń kà á. Bí àwọ̀ bá ń yí padà lójú àgbàlagbà, kì í ṣe ti X. Dígí inú ojú a máa pọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, búlúù á máa kú. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ kàtàráàtì fún lè jí kó máa yin ojú ọ̀run bí ẹni tí kò rí i rí. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife tí ethambutol wà nínú rẹ̀, tó wá rí i pé pupa àti ewé ti ń rẹ̀ lójú òun, kó sáré padà sọ fún àwọn tó fún un ní oògùn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Wàsíù, kò sí oògùn ti Wàsíù, ẹni tó bá ní òun ní àgbo rẹ̀ fẹ́ jẹ owó yín ni. Ó lè ṣe télọ̀. Kí wọ́n lẹ bébà pélébé mọ́ kóònù òwú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kọ orúkọ sí i, kó sì máa fi han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ. Búlúù àti yẹ́lò á dára lójú rẹ̀ dáadáa, aṣọ dúdú àti funfun kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dán an wò. Ìwé alámì tóótòòtó tí Ishihara ará Japan ṣe lọ́dún 1917 la ṣì ń lò, nọ́ńbà ló fara sin sáàárín àwọn tóótòòtó náà, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ mú un wá lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn wà. Kó mú òwú méjèèjì yẹn dání, àti bùbá náà bí wọn ò bá tíì tú u.